Ìjàpá Gba Iṣẹ́ Ewé Omi

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo. Ó dá lórí Erin, alága onílé ní Gbàgádà. Ó tún dá lórí ìgbín òkun kan tí kò tóbi ju èékánná lọ.

Láyé ìgbà kan, ẹranko ń sọ̀rọ̀, ẹja ń fèsì. Ẹ má bi mí pé ọdún wo. Ẹ ṣáà ti mọ̀ pé ọkọ̀ ti ń gba orí afárá Third Mainland kọjá, èyí tí wọ́n ṣí ní 1990, nítorí orí rẹ̀ ni Ìjàpá máa ń há sí nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ, tó fi ráyè wo ọ̀sà dáadáa. Ìyókù, ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín.

Ewé kan wà lójú ọ̀sà. Òdòdó rẹ̀ láwọ̀ àlùkò, ewé rẹ̀ ń dán bí ẹni fòróró pa á, gbòǹgbò rẹ̀ rí wúruwùru bí irùngbọ̀n arúgbó. Kì í ṣe ojú oró. Kì í ṣe òṣíbàtà. Àwọn yẹn mọ àyè wọn. Àlejò lèyí. Gúúsù Amẹ́ríkà nilé rẹ̀. Ní 1984 ló gba ọ̀nà Àjàṣẹ́ wọ odò Àgbádárìgì, kò kí onílé, ó jókòó. Nígbà tó fi máa dé Òwòrònṣòkí, ó ti di ẹní tí wọ́n tẹ́ sórí omi. Ó lọ́ mọ́ ẹnjìnnì ọkọ̀. Ó gbé àwọ̀n apẹja mì. Lékelèké ń rìn lórí rẹ̀ bí ẹni ń rìn ní pápá.

"Ẹ gbà wá o!" Báyìí ni àwọn ẹranko etí ọ̀sà ń ké.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ìjàpá àti Akàn ń mu ẹmu lábẹ́ afárá. Ẹmu wọ Akàn lára. Akàn ní, "Ìjàpá, ewé tí gbogbo yín ń sá fún yẹn, kò lágbára iyọ̀ o. Bí òjò bá ń rọ̀, odò Ògùn á da omi sínú ọ̀sà, iyọ̀ á dínkù, ewé á máa jó. Bí òjò bá dá, tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, òkun á gba ẹnu ọ̀sà wọlé, iyọ̀ á tún kún inú omi, ewé á kú fúnra rẹ̀. Ọdọọdún ni. Kò sẹ́ni tó ń pa á."

Ìjàpá kò fèsì. Ó bu ẹmu kún ife Akàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, bí ẹ bá rí Ìjàpá tó dákẹ́, ẹ ka owó inú àpò yín.

Nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, Ìjàpá lọ sí ìpàdé ẹranko. Ó ní òun mọ ewé tó ń pa ewé. Ó ní ìdajì owó níwájú, ìdajì lẹ́yìn. Wọ́n dáwó. Ìjàpá wọ ọkọ̀, ó mú agogo kan, ó mú ìgbálẹ̀ tuntun kan. Ó ń na omi. "Kú! Kú! Kú!" Ó ń lu agogo. Ọyẹ́ dé. Iyọ̀ dé. Ewé rọ, ewé rà, ewé ń rùn. Wọ́n gbé Ìjàpá lé èjìká.

Òjò ọdún kejì rọ̀, ewé padà wá.

Ìjàpá ní, "Ìpele kìíní la ṣe yẹn. Ó ku ìpele kejì."

Àwọn ẹranko fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà. Ìpele! Ó dùn lẹ́nu. Wọ́n tún dáwó. Ìpele kejì, ìpele kẹta, ìpele kẹrin. Ilé tí Ìjàpá kọ́ sí Gbàgádà náà, ìpele mẹ́rin ni.

Àdúgbò kan náà ni Erin ń gbé. Erin ni alága onílé. Oṣooṣù ni wọ́n ń dá owó gọ́tà fún un. Gọ́tà kò ṣàn. Bí òjò bá rọ̀, bàtà àwọn ọmọ á máa léfòó lọ sọ́nà Ìfàkò. Ṣùgbọ́n Erin rìnrìn-àjò, ó sùn ní òtẹ́ẹ̀lì kan lókè òkun, ó rí òkun nínú jígí. Ó padà délé, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́.

"Gbogbo ọba ló ń wọ iyùn," Erin wí, "òkú iyùn ni. Èmi fẹ́ iyùn tó ń mí."

Kò purọ́ níbẹ̀ o. Iyùn kì í ṣe òkúta níbi tó ti wá. Ẹranko ni. Ẹnu kéékèèké ló ní, ẹnu tí kò lóǹkà, púpọ̀ nínú wọn a sì máa là á lóru láti wá ohun jíjẹ.

Owó gọ́tà di táǹkì oníjígí. Wọ́n gbé e sí pálọ̀. Wọ́n fa omi bohó kún un, lítà 1,000. Wọ́n po iyọ̀ òkun mọ́ ọn, gíráàmù 35 sí lítà kọ̀ọ̀kan, títí tí ọ̀kan kò fi ju èkejì lọ láàárín pálọ̀ Erin àti òkun gan-an. Wọ́n tan iná aláwọ̀ búlúù lé e lórí. Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn ilé, nítorí bí iná bá lọ tí pọ́ọ̀ǹpù kò rú omi mọ́, ẹja á gòkè wá máa la ẹnu. Ẹja pupa rúsúrúsú onílà funfun mẹ́ta wọlé. Iyùn wọlé. Lẹ́yìn wọn, ìgbín òkun mẹ́sàn-án wọlé, pẹ̀lú àwọn akàn kéékèèké tó ń fi ìkarahun olóògbé ṣe ilé. Àwọn wọ̀nyí ni òṣìṣẹ́. Ahọ́n ìgbín rí ṣákaṣàka bíi sáńpépà. Bílẹ̀ bá ṣú, wọ́n á máa ha ara jígí, wọ́n á máa ha ara òkúta. Wọn kì í gbowó oṣù. Ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó mọ orúkọ wọn.

Ọ̀sẹ̀ méjì pé. Ohun kan bà sórí iyanrìn. Ó rí bí ẹni ku èlùbọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ kejì, ó dé ara jígí. Ọjọ́ kẹta, ó dé orí òkúta. Kí lèyí? A ò mọ̀ ọ́n. Erin gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Àkùkọ ní àmì ni. Ewúrẹ́ béèrè bóyá ó ṣeé jẹ. Ọ̀bọ ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ iye tí owó ìjókòó jẹ́. Wọ́n jókòó lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó tọwọ́ bọ omi.

Àgbà Ìgbín ló sọ̀rọ̀ láti ara jígí. "Baba Alága, ẹ má dààmú. Táǹkì tuntun ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nǹkan kan wà lára yanrìn tó máa ń yòrò sínú omi bohó, òun ni èyí ń jẹ. Bó bá jẹ ẹ́ tán, á lọ. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?" Erin wo ẹnu tó ń sọ̀rọ̀, ó rí i pé ẹnu náà kò lówó lọ́wọ́. "Ẹ lọ pe Ìjàpá wá."

Ìjàpá dé nínú agbádá. Ó yí táǹkì ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ṣe hùn-ún. Ó ṣe hẹ̀n-ẹ́n. Ó ní orúkọ ohun náà ni Àbámì-Olókun-Ajípẹ́ta. Ẹ gbọ́ orúkọ! Orúkọ tó gùn tóyẹn, ta ni yóò fi owó kékeré wò ó? Ó ní òun á lé e lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ẹnu Ìgbín ló ti gbọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà tó ń nu bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ó mú ìgbálẹ̀, ó na omi. Ó lu agogo. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, èlùbọ́ pòórá. Iyanrìn funfun báláú. Erin jó, ilẹ̀ mì títí dé Àńtóní. Ó sanwó.

Lóru ọjọ́ náà, Ìjàpá kò sùn.

"Yánníbo, ìṣẹ́ ti dé."

"Kí ló dé, olówó orí mi? Ṣebí wọ́n ti sanwó?"

"Wọ́n sanwó. Àìsàn ti lọ. Kí ni oníṣègùn yóò máa jẹ? Ewé ojú ọ̀sà, òjò ló ń dá a padà fún mi lọ́dọọdún. Òjò kì í rọ̀ sí pálọ̀ Erin."

"Kí lẹ wá fẹ́ ṣe?"

"Èmi ni n ó jẹ́ òjò rẹ̀."

Ní òwúrọ̀, Ìjàpá sọ fún Erin pé omi ti rẹ̀, ó fẹ́ omi òkun tòótọ́, láti ọ̀nà jíjìn, lẹ́yìn Tákwà Bay. Erin sanwó ọkọ̀ ojú omi. Ìjàpá gbé kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá lọ sábẹ́ afárá ní Òwòrònṣòkí, níbi tí gọ́tà ìgboro ń tú ìdọ̀tí sí, ó bu ú kún, ó jókòó jẹ ẹja díndín títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú, kó lè jọ pé ó ti òkun bọ̀. Ó tún lọ sí Maili 12. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà tó ń kó tòmátò wá látoko. Ó gba àpò kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ ha ọ̀rọ̀ tó wà lára àpò náà kúrò. Nọ́ńbà nìkan ló fi sílẹ̀: 15-15-15.

"Kí ni nọ́ńbà yìí?" Erin bi í.

"Baba Alága, iye ìgbà tí mo pe ọfọ̀ sí i ni. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárọ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́sàn-án, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lálẹ́."

Erin mi orí. Ẹ̀yin àgbẹ̀ tó ń gbọ́ mi, ẹ pa ẹnu mọ́ ná.

Ó wá ku àwọn òṣìṣẹ́. Ìjàpá na ìka sí wọn. "Baba Alága, ṣé ẹ rí àwọn wọ̀nyí? Inú omi tí wọ́n ń gbé ni wọ́n ń yàgbẹ́ sí." Erin wò ó. Òótọ́ ni. "Ẹ kó wọn jáde!" Ìjàpá fúnra rẹ̀ ló kó wọn jáde. Ata rodo ló fi ṣe wọ́n. Ìgbín mẹ́jọ, Ìjàpá jẹ ẹ́, ó lá ọwọ́. Àwọn akàn kéékèèké, ó ń họ wọ́n jẹ bí ẹ̀pà. Ẹ̀kẹsàn-án nínú ìgbín náà, èyí tí kò ju èékánná lọ, ó ti sá sẹ́yìn pọ́ọ̀ǹpù.

Láti ọjọ́ náà, alaalẹ́ ni Ìjàpá ń wá. Ó á tan iná táǹkì sílẹ̀ mọ́jú. Ó á bu ẹ̀kúnwọ́ kan látinú àpò, ó á wọ́n ọn sómi. Ajá ni máígádì. Ajá rí i. Egungun kan lálaalẹ́ ni kò jẹ́ kí Ajá gbó.

Ohun tó kọ́kọ́ wá, pupa ni. Ó tẹ́ ara rẹ̀ sórí iyanrìn bí aṣọ òkè, èéfó wà lára rẹ̀ wínníwínní. Ìjàpá fún un lórúkọ, ó dá iye lé e. Lẹ́yìn náà ni àwọ̀ ewé dé, ó hù lára òkúta bí irun tí kò rí òòyà. Orúkọ tuntun, iye tuntun. Lẹ́yìn náà ni àwọn kan tó rí róbótó bí ìlẹ̀kẹ̀ tútù hù láàárín òkúta. Ọ̀bọ rí i. Ẹ mọ Ọ̀bọ. Ó tẹ ọ̀kan, ó dún tàù. Ó tẹ èkejì, tàù. Ó ní òun ń bá ìgbìmọ̀ ṣiṣẹ́ ni. Nígbà tí oṣù máa fi parí, gbogbo àárín òkúta ti di ìlẹ̀kẹ̀.

Erin ní, "Ìjàpá, mi ò rí iṣẹ́ o."

Ìjàpá mú ọ̀bẹ, ó wọ inú lọ. Nǹkan kan wà lára òkúta níbẹ̀ tó le, tó pọ́n bí osùn, tó lẹ̀ mọ́ òkúta pẹ́típẹ́tí. Òun nìkan ni ọmọlúwàbí nínú gbogbo ohun tó hù níbẹ̀. Òun ló ń di òkúta mọ́ra wọn nínú òkun. Òun gan-an ni Ìjàpá ha kúrò. Ó kó o sínú korobá, ó gbé e lọ bá Erin. "Ẹ wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀!" Wọ́n ya fọ́tò korobá náà. Wọ́n fi owó kún owó gọ́tà.

Iyùn bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹnu dé. Ọ̀kan funfun. Èkejì funfun. Irun ń hù lórí wọn.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, kí Ìjàpá tó dé, ohùn tín-ín-rín kan pe Ajá láti ẹ̀yìn pọ́ọ̀ǹpù.

"Ẹ̀gbọ́n Ajá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọwọ́ bọ omi."

Ajá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tọwọ́ bọ̀ ọ́.

"Ẹ fọwọ́ kan pupa tó wà lórí iyanrìn yẹn. Kí ló ṣe?"

"Ó ká kúrò bí aṣọ. Ó ń yọ̀." Ajá gbọ́ òórùn ìka rẹ̀. "Ó ń rùn bí ìsàlẹ̀ gọ́tà."

"Ìyẹn kì í ṣe ewé rárá. Ẹbí kòkòrò àìfojúrí ni, aṣọ ewé ló wọ̀. Ibi tí omi kò bá ti rú dáadáa, tí ìdọ̀tí sì pọ̀, ibẹ̀ ló ń tẹ́ ẹní sí. Ẹ wá fa ti ara òkúta."

"Kò fẹ́ tú. Ó di òkúta mú."

"Ewé nìyẹn. Èyí tó kọ́kọ́ dé níjọ́sí ńkọ́, tó rí bí èlùbọ́? Bí ẹ bá fọwọ́ ra á nígbà náà, bí eruku ni ì bá dà nù. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń jẹ irun yẹn, wọ́n sì ń jẹ èlùbọ́ yẹn. Wọn kì í jẹ aṣọ pupa. Ṣùgbọ́n ẹ má bi mí lórúkọ wọn. Kò sẹ́ni tó ti bèèrè ohun tí wọ́n ń jẹ."

Ajá ṣí ẹnu láti bèèrè. Ẹsẹ̀ Ìjàpá dún lẹ́yìn gèètì. Egungun bọ́ sílẹ̀. Ajá pa ẹnu dé, ó fi egungun dí i.

Ọjọ́ tí Erin dá fún àlejò láti wá wo táǹkì pé. Kìnnìún wá láti Ìkẹjà. Ẹfọ̀n wá láti Ìkòsí. Ọ̀yà náà wá, kò sẹ́ni tó pè é, ó gbọ́ òórùn jọ̀lọ́ọ̀fù ni. Wọ́n fi aṣọ bo táǹkì. Ìjàpá ti sọ pé ọjọ́ náà ni ìpele ìkẹyìn, ojú gbogbo ayé ni ewé yóò ti kú. Ó gbé àkàbà, ó gun orí rẹ̀, ó di ìgbálẹ̀ mú lọ́wọ́ ọ̀tún, ó gbé àpò sí abíyá òsì. Wọ́n ká aṣọ. Pálọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Láti ẹ̀yìn pọ́ọ̀ǹpù, orin dìde. Ẹ bá mi gbè é o:

Lílé: Erin o, Àjànàkú,
Ègbè: Omi ń ró wẹ́rẹ́.
Lílé: Ta ló ń bọ́ ewé lóru?
Ègbè: Omi ń ró wẹ́rẹ́.
Lílé: Ẹ̀gbọ́n mi mẹ́jọ dọbẹ̀,
Ègbè: Omi ń ró wẹ́rẹ́.
Lílé: Ẹni jẹ wọ́n gun àkàbà,
Ègbè: Omi ń ró wẹ́rẹ́.
Lílé: Ẹ wonú àpò, ẹ wò ó,
Ègbè: Omi ń ró wẹ́rẹ́.

Orin náà dùn. Àlejò gbè é. Kìnnìún dìde, ó ń jó. Ẹfọ̀n ná owó. Wọ́n rò pé ara ètò ni. Ìgbín kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n tún jó. Erin fúnra rẹ̀ ń ju ìdí. Ègbè nìkan ni wọ́n ń gbọ́, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ lílé. Nígbà kẹta, ẹnu Ọ̀yà kún fún ìrẹsì, kò lè gbè. Ẹni tí kò gbè ló gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Ọ̀yà gbójú sókè, ó wo àpò.

"Háà! 15-15-15! Mo mọ àpò yìí! Ajílẹ̀ ni! Òun ni wọ́n ń dà sídìí àgbàdo tí mo máa ń jẹ lóko!"

Pálọ̀ dákẹ́ lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Ìjàpá fẹ́ ju àpò náà gba ojú fèrèsé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan etí jígí. Irun ewé ti dé etí jígí, ó ń yọ̀ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀. Ó di gbọ̀ọ̀! Ìjàpá, àpò, ìgbálẹ̀, agbádá, gbogbo rẹ̀ wọ omi.

Ìjàpá kò mọ̀wẹ̀. Ó gun orí òkú iyùn, ó na ọrùn títí imú rẹ̀ fi yọ síta. "Ẹ fà mí jáde o! Ẹ ṣàánú mi!"

Erin ní, "Ìwọ lo ní o mọ ewé tó ń pa ewé. Máa fi ẹnu tu ú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Ó tu ú fún ọjọ́ méje. Bó ti ń tu èyí, ìyẹn ń hù, nítorí odindi àpò ajílẹ̀ ló bá a wọlé. Ewé inú omi kì í sì í bèèrè bóyá òkúta ni tàbí ẹ̀yìn ẹnìkan. Ọjọ́ keje, wọ́n fà á jáde. Yánníbo ló wá mú un. Ó wò ó, ó tún un wò.

"Baba onírun tútù yìí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí ọkọ mi?"

Ó fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́, ó fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́. Èyí tó wà láàárín pátákó ẹ̀yìn rẹ̀ kò lọ. Ẹ lọ wo ẹbí Ìjàpá tó ń gbé inú odò lónìí, ẹ ó rí i lẹ́yìn wọn.

Erin wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú jígí. Ó bi Ìgbín kékeré ní ohun tó yẹ ní ṣíṣe.

"Ẹ kó ajílẹ̀ yìí jáde. Ẹ máa pààrọ̀ omi díẹ̀díẹ̀. Ẹ dín oúnjẹ ẹja kù, ẹ pa iná lóru. Kí ẹ sì wá ìgbín mìíràn tí yóò bá mi ṣiṣẹ́."

"Èló ni gbogbo rẹ̀?"

"Kò tó nǹkan, Baba Alága. Sùúrù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀."

Erin dìde. Ojú rẹ̀ kò dán mọ́. Iṣẹ́ tí kò lówó nínú, kí ni alága yóò buwọ́ lù? Ó gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n lọ yẹ ọ̀rọ̀ Ìgbín wò. Ọ̀bọ bèèrè owó ìjókòó.

Òjò sì dé. Ewé olódòdó àlùkò padà sójú ọ̀sà. Àwọn tó wà lórí afárá nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ rí ọkọ̀ kan lábẹ́ wọn ní Òwòrònṣòkí. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ ń lu agogo, ó ń fi ìgbálẹ̀ na omi. Agbádá rẹ̀ fẹ̀, ó fi bo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa. Ó ń kígbe pé ìpele kẹtàlá ti bẹ̀rẹ̀, ìdajì owó níwájú.

Bí mo bá purọ́ nínú èyí, kí agogo ẹnu mi má ró. Pó! Pó! Ẹ ní sùúrù, aládùúgbò ti tan jẹnẹrétọ̀. Pó!